Àṣìṣe tí àwa tí a ń lo oògùn lójoojúmọ́ máa ń ṣe nídìí iṣẹ́ àti owó oògùn

Ẹni tí ó ń lo oògùn lójoojúmọ́ ń wáṣẹ́ kí ó lè rí oògùn rà, ó sì ń lo oògùn kí ó lè ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú méjèèjì, èkejì kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa máa ń gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sọ́tọ̀, a ó gbé ọ̀rọ̀ oògùn sọ́tọ̀, bí ẹni pé wọn ò mọ ara wọn rí. Inú ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe ìsàlẹ̀ yìí ti ń wá.

Ẹ má dín oògùn kù láìsọ fún dókítà

Èyí ni mo fi ṣáájú, torí òun ló ń ṣeni ní jàǹbá jù, kì í sì í pariwo. Oṣù ò tíì parí, owó ti tán, hóró mélòó kan ló kù nínú páálí. Èèyàn á ní, "Ẹ jẹ́ n máa lò ó lónìí, kí n fo ọ̀la." Bó bá jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ìyẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Ó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé ó ga. Dókítà tí ò mọ̀ pé ó ń fo oògùn á rò pé oògùn ọ̀hún ni ò ṣiṣẹ́ tó, á wá kọ èyí tó lágbára jù ú lọ, tàbí kó fi òmíràn kún un. Owó tí a ń sá fún ti di ìlọ́po méjì nìyẹn.

Oògùn mìíràn sì wà tí a kì í já lójijì rárá. Ẹni tó bá ṣàdédé fi oògùn wárápá sílẹ̀ lè ní gìrì tí kò ní tètè dáwọ́ dúró. Propranolol, atenolol àti clonidine, tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bí a bá já wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àyà lè máa lù kì-kì-kì, kí ẹ̀jẹ̀ sì ga ju bó ṣe wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Prednisolone, ìyẹn oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù, tí èèyàn ti lò fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, díẹ̀díẹ̀ la fi ń kúrò lórí rẹ̀, torí ara ti dẹwọ́ nínú pípèsè irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kìíní tó bá pa insulin tì lè bára rẹ̀ ní ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì, owó ilé ìwòsàn náà á sì ju ti insulin lọ fíìfíì.

Ohun tó yẹ kí a sọ ò gùn: "Dókítà, agbára mi ò ká àwọn oògùn yìí mọ́. Èwo ni mi ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, èwo la lè fi èyí tó rọjú rọ́pò, èwo la lè yọ kúrò?" Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti sọ ọ́. Àmọ́ dókítà ò lè mọ ohun tó wà nínú àpò yín bí ẹ ò bá wí.

Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé lọ, títí kan èyí tí ẹ rà fúnra yín. Amlodipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí ẹsẹ̀ wú fáwọn kan. Wọ́n á wá fún wọn ní oògùn tó ń mú kí wọ́n máa tọ̀, kí ẹsẹ̀ lè fà. Ibuprofen tí ẹnì kan ń lò fún orúnkún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, kí wọ́n sì tìtorí ìyẹn fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kejì kún ti àkọ́kọ́. Oògùn kan ń wo ohun tí oògùn mìíràn dá sílẹ̀, ẹ̀yin sì ni ẹ ń sanwó àwọn méjèèjì. Ibi àyẹ̀wò báyìí ni mo ti rí i tí owó oògùn ti dín kù jù, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ẹ má sanwó orúkọ

Ẹ wo ara páálí oògùn yín. Orúkọ ńlá kan wà tí ilé iṣẹ́ fún un. Lábẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà kékeré, ni orúkọ oògùn gan-an wà. Orúkọ kékeré yẹn ni kí ẹ máa béèrè. Bí ọdún tí òfin fi dáàbò bo ẹni tó kọ́kọ́ ṣe oògùn bá ti pé, ilé iṣẹ́ mìíràn lè ṣe é, wọ́n sì ní láti fi hàn pé ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́ kí àjọ tó ń bójú tó oògùn tó gbà wọ́n láyè. Láti 1977 ni àjọ WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ń gbé àkójọ àwọn oògùn tó ṣe kókó jáde, wọ́n sì ń tún un ṣe ní ọdún méjì-méjì. Ẹ bi dókítà bóyá èyí tó wà nínú àkójọ náà lè ṣiṣẹ́ fún yín. Púpọ̀ nínú wọn ti pẹ́ lọ́jà, wọn ò sì wọ́n bí àwọn tuntun. Àwọn oògùn bíi warfarin (tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì), levothyroxine (oògùn tairọ́ọ̀dù) àti oògùn wárápá ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má máa pààrọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n lóṣooṣù láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, torí ìyàtọ̀ kékeré lè dà wọ́n rú.

Gígé oògùn sí méjì náà lè dín owó kù, torí hóró tó lágbára ní ìlọ́po méjì kì í sábà wọ́n ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n dókítà tàbí apòògùn ni kó sọ pé ẹ lè gé e, kí ilà sì wà láàárín hóró náà. Èyí tí wọ́n bá kọ SR, XR, ER tàbí MR sí lára, ẹ má gé e, ẹ má fọ́ ọ. Wọ́n ṣe é kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ ni. Bí ẹ bá gé e, ti odindi ọjọ́ kan lè wọ ara lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí tó ń ta oògùn ní ẹ̀dínwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sílẹ̀. Àjọ WHO sọ ní 2017 pé nínú oògùn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí mọ níwọ̀n, bí ọ̀kan jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Ẹ má kọ àìsàn sínú CV, ẹ má sì purọ́ nípa rẹ̀

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. CV, ìwé tí a fi ń wáṣẹ́, wà fún ohun tí ẹ lè ṣe. Bí àlàfo bá wà níbẹ̀, gbólóhùn kan tó o: "Mo dá iṣẹ́ dúró láti tọ́jú ara mi, ara ti yá láti ṣiṣẹ́ báyìí." Ẹ má ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1990 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara (ADA) kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti béèrè nípa àìsàn ẹni kó tó fún un níṣẹ́. Níbi tí òfin bá gbà bẹ́ẹ̀, ìgbà tó dára jù láti sọ̀rọ̀ ni ìgbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá fún yín ní fọ́ọ̀mù ìlera, tí ẹ kọ "rárá" síbi tó yẹ kí ẹ kọ "bẹ́ẹ̀ ni," tí ẹ sì fọwọ́ sí i, ẹ ti fún wọn ní ìdí láti dá yín dúró lọ́jọ́ iwájú. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, ibi gíga tàbí ẹ̀rọ tó ń yí, tí gìrì tàbí òòyì sì máa ń mú yín, kò yẹ kí a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí a tó sọ ọ́. Ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ẹ béèrè ohun tó ṣe é fojú rí. "Ọ̀gá, ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa fojú àánú wò mí" kò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. "Ọ̀gá, mo nílò ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sàn-án láti yẹ ṣúgà mi wò, àti àyè díẹ̀ nínú fíríìjì fún insulin" sọ ọ́ tán. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara mẹ́nu bà á ní abala 27 pé kí ibi iṣẹ́ ṣe irú àtúnṣe tó bójú mu bẹ́ẹ̀, àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó ń dí èèyàn lọ́wọ́ sì lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má wo owó oṣù nìkan

Iṣẹ́ tó ń san púpọ̀ láìsí ètò adójútòfò ìlera lè kù díẹ̀ káàtó sí èyí tó ń san kékeré tó sì ń gbé owó oògùn. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbà á: ọjọ́ wo ni ètò náà máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó kan àìsàn tí mo ti ní tẹ́lẹ̀? Ṣé àwọn oògùn mi wà lára èyí tí wọ́n ń san? Ẹ má fi iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀ kí èsì ìbéèrè wọ̀nyí tó dé. Bí ẹ bá máa lọ, ẹ gba oògùn tó máa gbé yín kọjá àárín iṣẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ òru náà, ẹ bi dókítà kí ẹ tó gbà á. Àìsùn máa ń fa gìrì fáwọn tó ní wárápá, ó sì ń da àkókò insulin àti oúnjẹ rú.

Àṣà kan wà tí mo rò pé òun ló ṣòro jù láti fi sílẹ̀. Ọjọ́ tí ara bá yá, a ó ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè wá ní ọ̀lẹ. A ó wá fi ọjọ́ mẹ́rin dùbúlẹ̀. Ọ̀gá kò ní fi ọjọ́ tí ẹ dùbúlẹ̀ wọ̀n yín, ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ló máa retí láràárọ̀. Ìwọ̀n tí ẹ lè ṣe lọ́jọ́ tí ara ò fi bẹ́ẹ̀ yá ni kí ẹ fi ṣàdéhùn.

Bí ìjọba bá ń fún yín ní owó ìrànwọ́, ẹ béèrè iye tí ẹ lè máa gbà níbi iṣẹ́ kí wọ́n tó dín in kù, ẹ sì béèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àtilé ṣe tí wọ́n ń polówó fún "àwọn tí ara wọn ò le" náà ńkọ́? Òmíràn dára. Èyí tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó fọ́ọ̀mù tàbí ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ẹ pa fóònù, kí ẹ fi owó yẹn ra oògùn.