Ẹ yẹ wáyà dúdú wò kí ẹ tó ra bátìrì

Ẹ̀yin awakọ̀ Ifẹ̀, bí mọ́tò bá ń sítáàtì lónìí tó kọ̀ lọ́la, ẹ fi mítà tó ń wọ̀n iná yẹ wáyà dúdú, èyí tó so bátìrì mọ́ irin mọ́tò, wò kí ẹ tó náwó sórí bátìrì. Ẹ yí mítà sí DC 20 (ibi tó ti ń ka fólítì), kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí bátìrì méjèèjì. Bátìrì tó yó, tí mọ́tò ti sùn mọ́jú, máa ń ka bíi 12.6. Ẹ sítáàtì: ó yẹ kó wọ àárín 13.8 sí 14.5. Bó bá ṣì wà ní 12 àti díẹ̀, ebi ló ń pa bátìrì. Níbẹ̀, kí ẹ́ńjìnì ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ tan iná iwájú, ẹ fi ọ̀kan nínú ẹnu mítà kan orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, kí èkejì kan irin ẹ́ńjìnì gan-an. (Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín lára bẹ́líìtì o.) Bó bá ju 0.2 lọ, wáyà dúdú yẹn ti dógùn-ún tàbí nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dẹ̀. Iná ò ráyè kọjá. Ẹ rọra mi ín: bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, ọwọ́ ti bà á. Ẹ pa mọ́tò, ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ títí yóò fi dán, kí ẹ dè é le. Gálọ́ọ̀pù ló sábà máa ń tú u. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì gbóná nìkan ló ń ṣe é, ìdánwò àárọ̀ ò ní rí i. Ẹ wà á dé Iléṣà, kí ẹ wọ̀n ọ́n kó tó tutù. Rẹ́wáyà tó bá sì fẹ́ yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ kó lè fi dán an wò, ẹ má gbà fún un: ó lè jó kọ̀ǹpútà mọ́tò.