Má Wé Okùn Tuntun Ní Ìwékúwèé: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Pípààrọ̀ Okùn Ríìlì Ìpẹja

Bí okùn tuntun bá lọ́ra pọ̀ nígbà tí a jù ú lẹ́ẹ̀mẹta péré, ẹni tó tà á la máa ń bú. Bí mo ṣe ń rí i sí, okùn kì í sábà jẹ̀bi. Ọ̀nà tí a gbà wé e ló ń fa wàhálà.

Ríìlì (ẹ̀rọ ara ọ̀pá ìpẹja tí a fi ń ká okùn) tó ní apá wáyà, èyí tí ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpẹja, ni mò ń sọ. Sípúùlù rẹ̀, ibi tí okùn ń jókòó sí, kì í yí nígbà tí ẹ bá ń ká okùn. Wáyà ló ń yí i ká. Gbogbo ìgbà tí wáyà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ń lọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ti pẹ́ńsù bọ inú ike okùn tuntun kó máa yí gbirigbiri, torí kò ní sí ohun tó máa tú lílọ́ yẹn. Ríìlì tí sípúùlù rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí ni pẹ́ńsù bá mu. Ẹ fi ike náà lélẹ̀ gbalaja, kí okùn máa yọ láti ojú rẹ̀ tó wà lókè. Ẹ ká a ní ìgbà 15 sí 20, ẹ dúró, kí ẹ sì dẹ okùn náà. Bó bá rọ̀ jẹ́ẹ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá ń lọ́ mọ́ ara rẹ̀, ẹ yí ike náà dojú bolẹ̀. Àyẹ̀wò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ òun là ń fò jù, ó sì ń dùn mí láti rí okùn tó dáa tó ṣègbé báyẹn.

Ẹlòmíràn á so okùn tán kó tó rántí pé òun ò ṣí wáyà. Á yí ọwọ́ ríìlì títí, okùn kò ní wé. Ẹ kọ́kọ́ ki okùn gba inú òrùka ọ̀pá tó sún mọ́ ríìlì jù, ẹ ṣí wáyà, ẹ so kókó, kí ẹ tó pa wáyà dé.

Ẹ má wé e kó dẹ̀. Bí ẹja ńlá bá fa okùn tó dẹ̀, ti òkè á rì sínú ti ìsàlẹ̀, á sì há nígbà tí ẹ bá tún jù ú. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi dì í mú. Ìka lásán kọ́, pàápàá bó bá jẹ́ okùn híhun, torí ó ń gé ara bí abẹ.

Okùn híhun yìí kan náà máa ń yọ̀ lórí sípúùlù. Ẹja á fà, gbogbo okùn á máa yí po, a ó rò pé bíréèkì ríìlì ló bàjẹ́, a ó sì máa fún un mọ́lẹ̀ lásán. Ẹ kọ́kọ́ wé okùn náílọ̀nù mítà mélòó kan sísàlẹ̀.

Ẹ má sì wé e kún dé etí. Bó bá kún jù, á máa tú jáde ní ìdìpọ̀. Bó bá kéré jù, á máa ha etí sípúùlù, kò sì ní lọ jìnnà. Ẹ fi mílímítà 2 sí 3 sílẹ̀. Nọ́ńbà ara sípúùlù ni kí ẹ fi ra okùn: 0.25/200 túmọ̀ sí pé ó gba mítà 200 okùn tó nípọn tó mílímítà 0.25.

Okùn àtijọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jù ú sétí omi. Náílọ̀nù kì í jẹrà bọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ẹyẹ àti ọrùn ìjàpá inú omi ló ń dì. Ẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹ kó o sínú ohun ìdalẹ̀nù tó ní ìdérí.