Bánà Kì í Sáré: Àṣìṣe Àwọn Tí Ń Dá Sáré Ọ̀nà Jíjìn Nítorí Àwọn Ọmọ Ilé Ìwé

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá kí mi nílé ní Iléṣà, ó fi páálí bàtà há abẹ́ apá ọ̀tún, ó sì fi bánà tí wọ́n ká há abẹ́ apá òsì. Ó ní òun fẹ́ dá sáré láti Iléṣà dé Ilé-Ifẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ó wà lójú ọ̀nà lè rí òun, kí eré ìdárayá sì wù wọ́n. Mo ní ó káre. Mo bi í pé níbo ni ó ti sáré jìnnà jù lọ rí. Ó ní láti ọjà Atakúnmọ́sà dé ilé àbúrò ìyá òun ni, òun kò sì sá a tán. Mo bi í pé èló ni ó ti ná. Ó ka bàtà, ó ka bánà, ó ka ogójì ẹ̀wù tí wọ́n tẹ fọ́tò rẹ̀ sí láyà, ó ka owó àsansílẹ̀ ọkọ̀ tí yóò máa fọn fèrè níwájú rẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ sì lé ní ₦300,000. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí ọjọ́ pé. Mo bu omi fún un mu, èmi náà sì bu tèmi mu, nítorí orí mi ti gbóná.

Láti ọdún 2016 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìje máratọ́ọ̀nù ìlú Èkó ni irú àlejò báyìí ti ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn sí èrò wọn. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé owó tí wọn kò ní ni wọ́n ń ná, ibi tí kò yẹ ni wọ́n sì ń ná an sí. Púpọ̀ nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí ni èmi fúnra mi ti ṣe, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ju bí mo ti ń fi ara mi ṣe lọ. Àwọn tí ó lè sáré wákàtí kan láìdúró ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀, kí ó lọ dé ibẹ̀ ná.

Àṣìṣe kìíní ni wíwọ bàtà tuntun ní ọjọ́ eré. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sáré láti Iléṣà dé Ifẹ̀, tí ó jẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, bàtà tí mo rà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo wọ̀. Ó pupa bí ata, gbogbo ènìyàn ni ó sì ń yìn ín. Kí n tó dé Òṣú, gìgísẹ̀ mi méjèèjì ti lé ròrò. Nígbà tí mo fi máa wọ Ifẹ̀, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ti dúdú, wọ́n sì bọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyàwó mi ṣà wọ́n jọ sínú bébà, ó ní kí n mú wọn lọ han àwọn ọmọ ilé ìwé, kí wọ́n lè rí ohun tí eré ìdárayá ń ṣe fún ènìyàn. Bàtà òkìríkà tí ẹ ti fi sáré fún oṣù méjì, tí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, sàn ju èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú páálí lọ. Ẹsẹ̀ lásán ni Abebe Bikila ará Etiópíà fi gba góòlù máratọ́ọ̀nù ní Róòmù ní 1960, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí ó tún gba òmíràn ní Tókyò ní 1964, ó wọ bàtà. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí rẹ̀ bọ́ bàtà lórí ọ̀dà títì Ifẹ̀ lọ́sàn-án gangan o.

Àṣìṣe kejì ni fífi kìlómítà kún kìlómítà lójijì: ẹ má ṣe fi ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ kún iye kìlómítà tí ẹ ń sá láti ọ̀sẹ̀ kan bọ́ sí èkejì.

Àṣìṣe kẹta ni oúnjẹ. Èmi kò sọ pé kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà má jẹ iyán ní ọjọ́ tí eré ku ọ̀la, ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ sí mi lẹ́nu? Kí ẹ sáà tètè jẹ ẹ́, kí ó sì jẹ́ ohun tí inú yín ti mọ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni èmi jẹ ní ọdún kan, tí mo sì tún bù sí i, nítorí mo ní agbára ni mo ń wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ oko kòkó mẹ́ta lójú ọ̀nà náà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀. Olóko kan bá mi níbẹ̀, ó wò mí títí, ó sì kí mi pé, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Omi ń kọ́? Àwọn kan kì í mu ún rárá, àwọn kan a sì mu ún bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Ifẹ̀ nínú ikùn. Òógùn ń kó iyọ̀ jáde lára. Bí ènìyàn bá ń da omi lásán sí i fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ yóò là jù, orí yóò máa fọ́ ọ, èébì yóò máa gbé e, ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹ po lítà omi kan tí ó mọ́, èyí tí ó jẹ́ píọ̀ wọ́tà méjì bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ́ǹtílítà 50, pẹ̀lú ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́fà tí orí rẹ̀ tẹ́jú àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Ẹ má fi ojú díwọ̀n iyọ̀.

Ẹ má gbé oògùn ìrora bíi ibuprofen mì kí ẹ tó sáré tàbí lójú eré; kíndìnrín tí omi ti dínkù níbẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Òrí kò wọ́n, ẹ fi í pa itan, abẹ́ apá àti orí ọmú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó wẹ̀ lẹ́yìn eré kí ó gbọ́ igbe ara rẹ̀.

Ti ojú títì tún wà. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ ti sáré, kí ẹ lè máa rí tírélà tí ń bọ̀ wá pàdé yín, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó ń tàn. Kí ẹ sì ránṣẹ́ ṣíwájú sí baálẹ̀, ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ abúlé tí ẹ óò gbà kọjá, nítorí pé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ kan tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú, wọ́n ní kí n jókòó sílẹ̀. Mo ní eré ìdárayá ni mo ń ṣe nítorí àwọn ọmọdé. Àgbà inú wọn ní ẹnìkan kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Kí n sọ èwo ni tèmi. Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n dìde.

Ìkarùn-ún nìyí ni àbí ìkẹjọ? Mo ti gbàgbé ibi tí mo ka dé, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí ó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an.

Ṣé nítorí ọmọdé ni ẹ ṣe ń sáré, àbí nítorí fọ́tò? Ní ọdún tí ó kọjá, wọ́n pè mí sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí ẹnìkan yóò sáré gba ibẹ̀ kọjá. Láti aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ti to àwọn ọmọ náà sínú oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àsíá bébà lọ́wọ́. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ní ó máa dé. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni a gbọ́ fèrè ọkọ̀. Òyì ti kọ́ ọmọ méjì, wọ́n ti gbé wọn sábẹ́ igi. Sárésáré náà wọlé, wọ́n ya fọ́tò, ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ní kí àwọn ọmọ máa ṣe eré ìdárayá nítorí pé ó dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ó jáde ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ padà sí kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má sì sáré. Ní gbogbo òwúrọ̀ yẹn, kò sí ọmọ tí ó gbé ẹsẹ̀ ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ṣe eré ìdárayá ni ẹni tí kò nílò rẹ̀.

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ tí ó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lo ara rẹ̀ dáadáa lójoojúmọ́. Ní ilé ìwé tí mo ń sọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni eré ìdárayá wà fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, bí òjò bá sì rọ̀ tàbí tí tíṣà ìṣirò bá yá àkókò náà lò, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ṣé bánà ni yóò dí àlàfo yẹn? Kí ẹ má sì rò pé bí ọ̀nà ti jìn tó nìkan ti tó láti ya ọmọ Iléṣà lẹ́nu. Ọmọ òṣómàáló ni wọ́n. Àwọn baba ńlá wọn ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n tún padà rìn ín láti lọ sin owó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fọn fèrè níwájú wọn.

Èmi náà ra bánà nígbà tèmi, ₦18,000, orúkọ mi wà lórí rẹ̀ gàdàgbà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé e ṣíwájú, mo kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé kan lẹ́bàá ọ̀nà, ohun kan ṣoṣo tí n kò ṣe ni kí n wo kàlẹ́ńdà sáà. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ tí òógùn bò mí, ìsinmi àárín sáà ti bẹ̀rẹ̀. Ewúrẹ́ mẹ́rin àti bàbá olùṣọ́ ọgbà ni ó wà níbẹ̀. Bàbá náà fún mi ní àga, ó bi mí bóyá owó ilé ìwé ni mo wá san. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi ṣá, nítorí pé mo bẹ̀ ẹ́ kí ó pa á.

Ohun tí mo ń ṣe nísinsin yìí kò gbówó. Mo máa ń dé ṣáájú ọjọ́ eré pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀, fèrè kan àti ẹfun, a óò sì fi ẹfun fa ìlà yí pápá ilé ìwé ká kí ó jẹ́ 200 mítà. Ọgbọ̀n kìlómítà jẹ́ àádọ́jọ ìyípo. Bí ogójì ọmọ bá wà ní kíláàsì kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yí i po lẹ́ẹ̀mẹrin, ọgọ́jọ ìyípo ni, ìyẹn kìlómítà 32: kíláàsì náà ti sá dé Ifẹ̀, ẹsẹ̀ sì kù fún wọn láti lọ ra nǹkan ní Lágéèrè. Tíṣà yóò máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà lójú pátákó fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣe é, ọmọbìnrin kékeré kan bọ́ sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n há abẹ́ apá, ó sì sá ìyípo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ kí wọ́n já bọ́.

Ẹ má sì fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó bá ṣáájú. Ní ilé ìwé kan náà, ọmọkùnrin kan wà tí ó sanra, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Tírélà. Ní ọdún tí mo gbé ẹ̀bùn wá, ó sá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jáde títí mo fi lọ. Nígbà tí ó di kíka ìyípo, kíláàsì nílò mẹ́rin tirẹ̀ kí wọ́n tó lè dé Ifẹ̀, nítorí pé àwọn mélòó kan kò wá sí ilé ìwé ní ọjọ́ náà. Ó rìn ju bí ó ti sáré lọ, àwọn tí ń fi orúkọ yẹn pè é sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kà á sókè.

Kí ẹ tó fọn fèrè rárá, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà àti òbí, ọmọ wo ni ó ní ikọ́ fée, ọmọ wo ni ó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè rìn, kí ó mu omi dáadáa, kí ó sinmi nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ má fi agídí lé e.

Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ kan kí ẹ lọ. Ní 2012, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìlú Stirling ní Scotland bẹ̀rẹ̀ sí mú àwọn ọmọ jáde fún ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́, pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn wọn, láìsí ìdíje, ẹni tí ó bá rẹ̀ a máa rìn. Àṣà náà sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìlà ẹfun tí ẹ bá fà ni yóò jẹ́ kí tíṣà lè máa ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn yín. Òjò yóò fọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ fi àpò ẹfun kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ìwé.

Ọ̀dọ́kùnrin ọjọ́sí padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti sún eré rẹ̀ sí sáà tí ń bọ̀, ó ti gba díẹ̀ padà nínú owó ọkọ̀ onífèrè, ó sì ti ń sáré dé Òṣú. Ó ní, “Tíṣà, kí ni kí n wá fi bánà ṣe báyìí?” Mo mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìyá mi ti sá kòkó sí orí tèmi. Apá kan orúkọ mi ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀.