Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń ka ọjọ́ orí ìjàpá inú igbó

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé ìjàpá wá bá mi nílé ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo, nínú àpò ṣaka. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ọdún rẹ̀.” Ó ti san N35,000 lé e lórí nítorí pé ọdẹ tó tà á fún un búra pé ìjàpá náà ti lé ní 80 ọdún. Mo fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án péré ló hàn ketekete lórí àwọn ìpẹ́ igbá rẹ̀, etí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ṣì mọ́lẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́, èyí tó fi hàn pé ó ṣì ń dàgbà. Abo ni. Ó ṣeé ṣe kí ó má tíì yé ẹyin kan rí kí wọ́n tó mú un kúrò nínú igbó.

Láti ọdún 2009 ni mo ti ń bá àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ rìn ní ìhà Òkìnnì àti Ìdó-Ọ̀ṣun, tí mò ń wọn ìjàpá, tí mò ń ṣàmì sí i, tí mo sì ń dá a padà sí ojú ibi tí mo ti rí i. N kò ní ṣàlàyé bí a ṣe ń dì í mú tàbí bí a ṣe ń fi okùn ìwọ̀n wọn igbá rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti dé ìdí iṣẹ́ yìí ti mọ ìyẹn. Àwọn ohun tí mo ń rí tí inú mi kì í dùn sí ni mo fẹ́ sọ.

Àṣìṣe kìíní ni kíka ìlà kan sí ọdún kan láìbéèrè ohun tó fa ìlà náà. Ohun tí èékánná wa fi ṣe ni ìpẹ́ igbá ìjàpá fi ṣe. Ìpẹ́ kékeré tó bá a jáde láti inú ẹyin wà láàrin, tuntun a sì máa hù yí i ká nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀. Nígbà tí ìdàgbà bá dúró, ìlà a wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òtútù ọ̀gìnnìtìn ń lé irú ìjàpá tí wọ́n ń pè ní box turtle wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà ìlà rẹ̀ sábà máa ń bá ọdún rìn nígbà tó wà ní èwe. Síbẹ̀, lọ́hùn-ún pàápàá, àwọn onímọ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìlà mọ́ bí ẹranko náà bá ti ń súnmọ́ ọmọ 15 sí 20 ọdún. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́, níbi tí kò ti sí òtútù bẹ́ẹ̀? Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún padà, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Ọdún kan lè fi ìlà méjì sílẹ̀, ó sì lè má fi ẹyọ kan tó ṣeé kà sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń bọ́ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ nínú ọgbà ilé tún yàtọ̀ pátápátá.

Èkejì: ẹ má ṣe ka ìpẹ́ kan ṣoṣo, ẹ ka mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ sì kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, títóbi kọ́ ni àgbà. Ìjàpá igbó wa tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń ká, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kinixys homeana, kì í sábà ju 22 sẹ̀ǹtímítà lọ bó ti wù kó pẹ́ láyé tó. Ìjàpá ńlá ilẹ̀ Sàhẹ́lì tí wọ́n ń kó wá láti Òkè Ọya fún sísìn nínú ọgbà lè tóbi jù ú lọ nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Èyí tó ń dùn mí wọra jù lọ ni ti ìjàpá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti dán. Ní ọdún 2011, mo rí akọ kan létí oko kòkó lẹ́yìn òjò òwúrọ̀. Iná oko ti jó igbá rẹ̀ lápá òsì ẹ̀yìn, àpá náà sì funfun, ó rí págunpàgun bí ìdí ìkòkò. Mo ka ìlà mẹ́rìnlá, mo wọ̀n ọ́n ní 19.6 sẹ̀ǹtímítà, mo fi fáìlì, irin tí a fi ń pọ́n àdá, ṣe àmì sí etí igbá rẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi pé ọmọ ọdún 14 ni. Ní ọdún 2018, mo tún pàdé rẹ̀, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ sí ibi àkọ́kọ́. Àpá iná wà níbẹ̀, àmì fáìlì wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ 19.7. Mo ka ìlà, ó jẹ́ mẹ́tàlá. Mo jókòó sórí gbòǹgbò igi, mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún méje ti kọjá lórí ẹranko yìí, ìlà kan sì ti dínkù, nítorí pé kò dàgbà mọ́, ilẹ̀, òkúta àti ewé gbígbẹ sì ń ha igbá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ó yẹ kí n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé “ó ti dàgbà tán, kò ṣeé kà.” Mo ní láti padà sínú ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì fi bírò pupa fagi lé ọjọ́ orí gbogbo àwọn tó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń pariwo lórí èyí? Bí ẹ bá kọ arúgbó 50 ọdún sílẹ̀ bí ọmọ ọdún 14, ìwé yín yóò sọ pé ọ̀dọ́ ló kún inú igbó, ẹ ó sì rò pé wọ́n ń bí sí i dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn àgbà tó kù nìkan ni ẹ ń rí. Ní Patuxent, ibùdó ìwádìí ẹranko igbó ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1944 ni onímọ̀ ẹranko Lucille Stickel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàmì sí box turtle, wọ́n sì ń padà lọ wá wọn káàkiri ọ̀pọ̀ ọdún. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹranko yìí lè kọjá 50 ọdún. Ẹyin mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ó sì tó ọdún méje sí mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹranko mìíràn ló ń jẹ púpọ̀ nínú ẹyin àti ọmọ náà. Abo kan nílò ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó fi ẹyọ kan rọ́pò ara rẹ̀. Tiwa náà, ẹyin díẹ̀ ló ń yé, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, sì ti ka Kinixys homeana mọ́ àwọn tó súnmọ́ ìparun jù lọ. Nígbà tí ẹnìkan bá wá sọ fún mi pé “ẹ jẹ́ ká mú arúgbó, ká fi ọmọdé sílẹ̀,” inú mi a bàjẹ́, torí pé arúgbó yẹn gan-an ni ìdílé. Lódindi àsìkò òjò tó kọjá, méjì péré ni mo rí tí ìlà wọn kò tó mẹ́wàá. Bàbá ọdẹ kan tí a jọ ń rìn sọ pé nígbà èwe òun, mẹ́ta lè pàdé ènìyàn lọ́nà oko kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ẹ má ṣe fi irin gbígbóná lu igbá wọn láti so okùn tàbí nọ́ńbà mọ́ ọn. Egungun ni ohun tó wà lábẹ́ ìpẹ́ náà, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, ó sì ń dùn ún. Ẹ má sì kùn ún ní ọ̀dà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ríra ìjàpá lọ́jà láti fi “gbà á là.” Èmi náà ṣe é ní ọdún 2010: mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta ẹ̀yà ẹran gbígbẹ, mo sì sọ fún un pé mo fẹ́ tú wọn sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti kó méje dè mí. Owó mi ló rán ọdẹ padà sínú igbó. Àwọn mìíràn ń gbé irú ìjàpá bẹ́ẹ̀ lọ tú sínú Igbó Ọ̀ṣun, nítorí pé ọdẹ kò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun ìní àgbáyé láti ọdún 2005. Igbó náà kò ju nǹkan bí hẹ́kítà 75 lọ. Ìjàpá tí wọ́n ti kó pọ̀ nínú agbọ̀n ọjà lè gbé àrùn wọ ibẹ̀, ti ilẹ̀ ọ̀dàn kì í sì í ṣe ẹranko abẹ́ igbó. Bí ẹ bá rí ìjàpá lójú títì, ẹ gbé e kọjá sí apá tó dojú kọ, kí ẹ sì fi sílẹ̀.

Ti ọ̀dọ́kùnrin yẹn, ìjàpá tirẹ̀ kò tíì dé ọjà rárá. Ọwọ́ ọdẹ ló ti gbà á tààrà. A pe ọdẹ náà, ó júwe oko tó ti mú un, létí odò kékeré kan, a sì gbé e lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Mo fi fáìlì ṣe àmì sí etí igbá rẹ̀, mo sì ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ó kọ pé: abo, ìlà mẹ́sàn-án, ó ṣì ń dàgbà. Nígbà tó dé ibi tí a ń kọ ọjọ́ orí sí, ó wo ojú mi, ó sì fi àyè sílẹ̀.