₦47,000 ni mo fi ya pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ n'Iléṣà

₦10,000 ni mo kó sápò pé màá fi ya fọ́tò àwọn ilé àtijọ́ n'Iléṣà níbí, ₦47,000 ló bá a lọ, ilé kan ṣoṣo ló sì jẹ ẹ́ jù níbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Èkó ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Mo lọ ya ilé àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba padà wálé, mo ya mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ṣùgbọ́n Ilojo Bar ní Tinubu Square lọkàn mi fà sí jù, ilé 1855, ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2016, nígbà tí mi ò tíì ní kámẹ́rà. Ó dùn mí wọra. Mo ní tiwa n'Iléṣà ò ní lọ báyẹn, torí àwọn bàbá wa òṣómàálò tí wọ́n ń ta aṣọ káàkiri, tí wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí wọ́n á fi gbowó wọn, owó yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bíi ti Àgùdà sílé, amọ̀ nínú, sìmẹ́ńtì lóde.

Ti kámẹ́rà ò le, ẹ mọ̀ ọ́n. Lẹ́ǹsì tó fẹ̀ ni mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan n'Ífẹ̀, ₦10,000 lóòjọ́, torí títì ibẹ̀ tóóró, èèyàn ò ráyè sún sẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá sì gbójú kámẹ́rà sókè jù, ńṣe lògiri á dà bíi pé ó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ilé mẹ́rin ni mo yà láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, wẹ́rẹ́ báyìí.

Ìkarùn-ún ló dá mi dúró, lápá Ẹrẹ́jà. Ẹ̀gbọ́n kan jókòó síwájú ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé, ó lóun lolórí ilé, kí n mú ₦5,000 wá. Mo fún un. Mi ò tíì tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mẹta tí àbúrò ẹ̀ fi já síta, ó di okùn kámẹ́rà mú, ó ní báyìí náà làwọn kan ṣe wá ya ilé ẹ̀gbẹ́ àwọn, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kùn ún pé àwọn á wó o. Mi ò lè bá a jà, ẹ̀rù tó ń bà á yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó mi ńkọ́? Ó ti wọlé, kò yọjú mọ́! Wọ́n ní olórí ẹbí gangan wà l'Óṣogbo, kí n lọ gbàṣẹ wá.

Mo wọkọ̀ lọ lọ́jọ́ kejì, bàbá ti lọ síbi òkú. Lẹ́ǹsì ń jowó. Ọjọ́ kẹta mo tún lọ, mo gbé sínáàpù dání, bàbá ò tiẹ̀ ṣí i, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Ṣó o ti rí ìyá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn? Ọmọ ẹni tó kọ́lé ni. Tí wọ́n bá ti ní kó o yà á, ó parí." Omi bọ́ lójú mi nínú mọ́tò. Ìyá yẹn wà nílé látọjọ́ kìíní.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá kí n tó padà débẹ̀. Ìyá ò bèèrè kọ́bọ̀. "Ṣé wàá ya kìnnìún bàbá mi?" Wọ́n fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn tọ́ka sókè ilẹ̀kùn: kìnnìún sìmẹ́ńtì méjì, ti ọ̀tún ò nímú mọ́, koríko ti hù létí ẹ̀. Lábẹ́ wọn ni ọdún tí wọ́n kọ́lé wà, "19" nìkan ló kù, ìyókù ti hó dànù. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá ń fẹ̀gbẹ́ ra ògiri, gbogbo ibi tó ti sán pátá ló yọ, títí kan ojú ìka ẹni tó rẹ́ ẹ. Kò sí fọ́tò tí mo tíì yà tó dáa tó o.

Ẹ má sanwó fún ẹni tó bá jókòó síwájú ilé. Kẹ́ ẹ tó yá lẹ́ǹsì rárá, ẹ kọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo, ẹ béèrè ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kí wọ́n fojú rí yín. Ẹ sì tẹ fọ́tò jáde fún wọn.

Mo tẹ ti ìyá jáde, ńlá, mo fi gíláàsì bò ó. Wọ́n ní ká lọ gbé e kọ́ sí pálọ̀ òkè tí bàbá wọn máa ń jókòó sí, a gun àtẹ̀gùn pákó yẹn díẹ̀díẹ̀, a débẹ̀, òjò ti ń ti ibi páànù tó ṣí wọlé, ara ògiri tutù. Yàrá wọn nísàlẹ̀ la pàpà gbé e kọ́ sí.