Bí ẹ ṣe lè jiyàn òṣùpá nínú gúrúùpù láìtú gúrúùpù ká

Tẹ́ ẹ bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp àwa tá a fẹ́ràn àtimáa wo ojú ọ̀run lálẹ́, ẹ á ti mọ ọjọ́ tí ìjà máa ń dé. Kì í ṣe ọjọ́ tá a bá ń sọ̀rọ̀ owó tẹlisíkóòpù o. Ọjọ́ 29 oṣù Ṣàbáánì ni, ìyẹn oṣù tó ṣáájú oṣù ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ẹnì kan á ní òun ti rí oṣù, ẹlòmíì á gbé àwòrán ááàpù síbẹ̀ pé irọ́ ni, kó tó di aago mẹ́sàn-án èèyàn mẹ́ta ti bínú jáde. Èmi ni ádímíìnì, ìjà ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mò ń kọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbéèrè méjì ni wọ́n dì pọ̀ sójú kan. Ti oṣù yìí, méjì ni. Ìgbà tí òṣùpá máa bọ́ sí ọ̀nà kan náà pẹ̀lú oòrùn, èyí táwọn kan ń sọ pé wọ́n "bí" oṣù tuntun, ìṣirò nìyẹn, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀ kó tó tún ṣẹlẹ̀, àwọn onísáyẹ́ǹsì sì lè sọ ìṣẹ́jú tó máa bọ́ sí fún yín láti ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fojú lásán rí i nígbà yẹn torí ó súnmọ́ oòrùn jù, ó máa ju wákàtí 15 lọ dáadáa kó tó ṣeé rí, ìyẹn tí ọyẹ́ ò bá bo ojú ọ̀run o. Èmi fẹ́ràn bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́: a kì í ní wọ́n bí oṣù, a ní oṣù lé, ohun tó bá sì lé, ojú ló rí i. Nítorí náà ẹni tó ń sọ pé "wọ́n ti bí i" àtẹni tó ń sọ pé "kò tíì lé" lè jọ máa sọ òótọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ìbéèrè kejì ni pé ṣé ìṣirò la máa tẹ̀ lé gbààwẹ̀ ni àbí ojú. Ẹ jọ̀ọ́, tẹlisíkóòpù ò mọ ìyẹn. Ní Nàìjíríà, Sultan Sókótó ló máa ń kéde, àwọn míì sì ń wo ojú Sọ́údì. Mo wá kọ ọ́ sókè gúrúùpù pé: bí òṣùpá ṣe máa ga tó n'Ìbàdàn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ bi wá, bóyá kẹ́ ẹ gbààwẹ̀ lọ́la, ẹ bi ààfáà yín. Ìjà ò tán, ó kàn dínkù.

Tẹ́nì kan bá ní òun rí i nígbà tí ìṣirò ní òṣùpá ti wọ̀ ṣáájú oòrùn ńkọ́? Ẹ má pè é ní òpùrọ́. Ẹ bi í pé aago mélòó, apá ibo, ibo lẹnu ìwo ẹ̀ kọjú sí, ó pẹ́ tó kó tó wọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, níbi tó ti ń dáhùn, òun fúnra ẹ̀ á ní "àbí àgùàlà ni mo rí?" Kò kúkú burú, àwọn àgbà náà ní àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá ẹ̀ ni.

Ti àwọn tó ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ yàtọ̀ síyẹn, torí ìyẹn ṣeé lọ wò. Ẹ má fi fídíò dá fídíò lóhùn, dátà lẹ fẹ́ jó dànù. Bọ̀ọ̀dá kan fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, mo ní kó jáde wo Polaris, ìràwọ̀ tó máa ń dúró sójú kan lápá àríwá, kó na ọwọ́ ẹ̀ síwájú gbọnrangandan kó di ìkúùkù, kó fi wọn ìràwọ̀ yẹn láti ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run (ìkúùkù kan tó nǹkan bí dígírì 10). Èkó ló wà, ìràwọ̀ náà ò tó ìkúùkù kan sókè, ó sì ṣòroó rí nítorí kùrukùru, alẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ ló dáa jù, ìyẹn ò sì wọ́n wa. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní London wọn tiẹ̀, ó tó ìkúùkù márùn-ún. Lẹ́yìn náà la ní kí ará Èkó wo gúúsù lálẹ́ oṣù Karùn-ún, ìràwọ̀ mẹ́rin tó dà bí àgbélébùú wà níbẹ̀, ti London kò lè rí i láéláé. Tí ilẹ̀ bá tẹ́ bí àwo, kí ló bo ìràwọ̀ yẹn mọ́ ọn lójú? Bọ̀ọ̀dá ò sọ pé òun gbà o. Ó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá bèèrè iye tí bàínọ́kúlà jẹ́.

Ẹ̀rín ò dáa níbi tẹ́nì kan bá ti ní "ẹ bá mi wo ìràwọ̀ mi, wọ́n ní wọ́n ti gbé e." Iṣẹ́ méjì lọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe lẹ́nu wa. Èyí tíyẹn ń sọ kò sí lójú ọ̀run, kádàrá ló ń sọ, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbọ́ ọ. Ẹ dá a lóhùn lábẹ́lẹ̀ pé ìràwọ̀ tó ń mọ́lẹ̀ nìkan la mọ̀ wò níbí.

Èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ádímíìnì mú lọ rèé: ẹ máa ṣọ́ "ẹ" àti "o". A ò rójú ara wa, a ò mọ ẹni tó dàgbà, nítorí náà "ẹ" la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tẹ́nì kan bá ti kúrò ní "ẹ ò gbọ́ mi yé" tó ti di "o ò gbọ́ mi yé," ẹ ti gúrúùpù pa kí ẹlòmíì má lè kọ nǹkan kan, ó di òwúrọ̀. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá pe ẹnì kan ní kèfèrí tàbí òpè, ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Vọ́ìsì nóòtì lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́ náà, mo ti fòfin dè é.

Ẹni tó bá bínú jáde, ẹ má pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Tó bá di ọjọ́ kẹta, èmi máa ń fi àwòrán òṣùpá tí mo yà láàárọ̀ yẹn tàbí lálẹ́ ránṣẹ́ sí i, mi ò ní kọ nǹkan kan sí i. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń bèèrè pé fóònù wo ni mo fi yà á.