Bó o ṣe máa tọpa ìtàn Ìbarà l'Abẹ́òkúta

Má bẹ̀rẹ̀ láti àpáta Olúmọ o, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń sáré lọ. Kọ́kọ́ mọ̀ pé 1830 ni Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ olórí wọn, Òwu náà wá bá wọn ní 1834, ṣùgbọ́n Ìbarà kì í ṣe Ẹ̀gbá rárá, Olúbarà ni ọba wọn títí dòní. Wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀, kọjá GRA tó kún fún ilé ìjọba, wọ inú àdúgbò àtijọ́ lọ bá àwọn àgbà. Kí wọn dáadáa, gbàyè kó o tó fi fóònù gba ohùn wọn, ní kí wọ́n ki oríkì agboolé wọn fún ẹ, torí inú oríkì lorúkọ àwọn baba ńlá wà. Tí ìtàn agboolé méjì bá takora, kọ méjèèjì sílẹ̀, má dá ẹjọ́ kankan.